Ẹ Bi Màmá Rẹ́jísírà: “Akọ̀wé kóòtù kọ̀, kò bá mi kọ ìwé mi”

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fẹ̀sùn kan àwọn tí èmi náà wà lára wọn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn àwọn akọ̀wé kóòtù. Níbi tó bá yẹ kí n gbè wọ́n, màá gbè wọ́n. Níbi tí kò bá yẹ, ẹ ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu mi. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ èèyàn àti ti kóòtù kúrò nínú wọn, torí pé ẹjọ́ àwọn míì ṣì ń lọ lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú. Télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́ kó àdìrẹ àwìn lọ́wọ́ mi, ó kù ₦480,000 lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń fi òní dọ́la, ó ń fọ̀la dọ́túnla. Mo gba kóòtù májísíréètì lọ. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ ohun tí mo ń béèrè síbẹ̀. Mo ní kó bá mi kọ ọ́, kó sì sọ fún mi bóyá kí n fi èlé lé owó náà. Ó ní òun ò lè sọ ìyẹn fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní rìbá ló ń wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN

Ìyá Aládìrẹ, rìbá kọ́ ló ń wá. Ká ní ó bá yín kọ ọ́ ni, tó tún ní kí ẹ fi èlé lé e, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yín ì bá bà mí lẹ́rù.

Ẹni tó gba ìwé yín ní kántà lọ́jọ́ yẹn náà ni yóò gba ìwé télọ̀ yẹn nígbà tó bá fẹ́ fèsì. Tó bá ti kọ́ yín lóhun tí ẹ máa sọ, kí ló fẹ́ wá sọ fún un? Bí lọ́yà télọ̀ bá sì gbọ́ pé akọ̀wé ló kọ ìwé yín, kò ní sọ̀rọ̀ gbèsè mọ́, ọ̀rọ̀ akọ̀wé ni yóò máa sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹjọ́ tó gún régé á wá dìdàkudà. Òwe tó ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà, adájọ́ ni gbogbo èèyàn máa ń pa á mọ́. Lójú tèmi, àwa tá a jókòó sẹ́yìn kántà ló kọ́kọ́ ń bá wí, torí ọ̀dọ̀ wa lẹnì kan ti máa ń dá nìkan wá rojọ́ láìsí ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni akọ̀wé ń ṣe? Òun ló ń gba ìwé ẹjọ́, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé: orúkọ, àdírẹ́sì, ìfọwọ́sí, iye ẹ̀dà. Òun ló ń ṣírò owó tí ẹ máa san, tó ń fún ẹjọ́ ní nọ́ńbà, tó ń kó ìwé ìpè fún bélífù pé kó lọ fi lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, òun ló ń lẹ ìwé tí wọ́n to ẹjọ́ ọjọ́ náà sí mọ́ pátákó, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń na ọrùn wò. Bí adájọ́ bá ti jókòó, òun ló ń pe ẹjọ́, tó ń fi Bíbélì, Kùránì tàbí irin búra fún ẹlẹ́rìí, tó ń gba ohun ẹ̀rí, tó ń fi àmì sí i lára, tó sì ń tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ohun ẹ̀rí bá sọnù, adájọ́ kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Lẹ́yìn ìdájọ́, òun ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún yín. Bí ẹnì kan bá sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ì báà jẹ́ láti májísíréètì sí kóòtù gíga ní Kọ́bapẹ́, ì báà jẹ́ láti Kọ́bapẹ́ lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn, akọ̀wé ló ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ náà jọ lójú-ewé lójú-ewé. Mo mọ àwọn tí ojú ń dùn torí iṣẹ́ yẹn.

Lórí gbogbo wọn ni Rẹ́jísírà Àgbà wà ní Kọ́bapẹ́. Lọ́yà lòun. Ọ̀pọ̀ àwa tá a wà nísàlẹ̀ kì í ṣe lọ́yà, a kàn mọ ọ̀nà tí ìwé ń gbà ni.

Torí náà, bí ẹ bá dé kántà, ọ̀nà ni kí ẹ béèrè. “Fọ́ọ̀mù wo ni wọ́n ń lò fún gbèsè? Ẹ̀dà mélòó? Èló ni, níbo ni mo ti máa san án? Ṣé bélífù ti fi ìwé lé e lọ́wọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n sún un sí?” Gbogbo ìyẹn, ó di dandan kó dá yín lóhùn, tó bá sì kanra mọ́ yín, ẹ béèrè ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n “Ta ni kí n pè? Èló ni kí n béèrè? Ṣé màá jàre? Kí ni kí n sọ tí wọ́n bá bi mí?”, lọ́yà lẹ máa bi ní ìyẹn. Kò sì lè bá yín jíṣẹ́ fún adájọ́. Ẹni tó bá ní kí akọ̀wé “bá òun sọ ọ́ sétí májísíréètì” ń fa wàhálà sọ́rùn ara rẹ̀ àti ti akọ̀wé náà ni.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù akọ̀wé ti ṣẹ̀ wá nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí. Títí di 1914 la fi ń dá ìjọba ara wa ṣe. Lọ́dún tí ìyẹn dópin gan-an ni òfin kóòtù ìbílẹ̀ àwọn òyìnbó dé, òfin náà kò sì jẹ́ kí lọ́yà yọjú sáwọn kóòtù yẹn rárá. Olóyè ló ń dájọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ìwé kà, akọ̀wé nìkan ló ń kọ, òun ló ń kà, òun ló ń túmọ̀ lẹ́tà ajẹ́lẹ̀. Kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Akọ̀wé di ẹni tí wọ́n ń gbé adìyẹ lọ bá nílé. Ayé ti yí kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò náà ṣì ń gbé inú àwa àgbà, a sì ti fi kọ́ ọmọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gbèsè yín. Ẹ kó ìwé àwìn yín jáde, èyí tó ní ọjọ́ àti iye yáàdì nínú. Ẹ wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ sí yín lórí WhatsApp, pàápàá èyí tó ti ń bẹ̀bẹ̀, torí ẹni tó ní “Ẹ ní sùúrù, màá san án” ti jẹ́wọ́ pé òun jẹ gbèsè. Owó tó ti ń san díẹ̀díẹ̀ sí àkáǹtì yín, ẹ ní kí bánkì tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Ẹ lè dá ẹjọ́ yìí rò fúnra yín láìgba lọ́yà, òfin gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ san owó kékeré fún lọ́yà kan kó bá yín kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí télọ̀ náà ná. Mo ti rí ọ̀pọ̀ gbèsè tó jẹ́ pé lẹ́tà yẹn nìkan ló lé e jáde. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì lè tún fẹ́ kó máa rajà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọlọ́pàá mú un. Mo ń sọ ọ́ torí mo mọ ọjà. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, ní ìpín 32, sọ ọ́ ní gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí torí pé àdéhùn yẹ̀. Bí ẹ bá mú un, òun ló máa wá pe ẹ̀yin lẹ́jọ́.

Ohun kan tó kù: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ máa wo ọwọ́ májísíréètì. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń fọwọ́ kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ. Ẹ sọ gbólóhùn kan, ẹ dúró, kí bírò rẹ̀ dúró kí ẹ tó sọ òmíràn. Ohun tí kò bá wọnú ìwé yẹn, ẹ ò sọ ọ́ nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wà ní Làfẹ́nwá. Wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí kóòtù torí ìjà, májísíréètì sì fún un ní béèlì pẹ̀lú onídùúró méjì. Bí mo ṣe jáde síta, ọkùnrin kan tó wọ súùtì dúdú lábẹ́ igi lóun àti akọ̀wé inú kóòtù jọ ń ṣiṣẹ́. Ó gba ₦45,000 lọ́wọ́ mi, ó ní ₦30,000 jẹ́ owó béèlì, ₦15,000 sì jẹ́ ti onídùúró tóun máa bá mi wá. Mi ò rí i mọ́. Nígbà tí mo bi akọ̀wé léèrè, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ta ni kí n mú?
Oníkẹ̀kẹ́, Làfẹ́nwá

ÌDÁHÙN

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Owó yẹn dùn mí bí ẹni pé tèmi ni, torí kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó yẹ kó o san.

Béèlì kì í ṣe ọjà. Nígbà tí adájọ́ bá ní béèlì ₦200,000 pẹ̀lú onídùúró méjì, kò túmọ̀ sí pé kẹ́nikẹ́ni lọ ka ₦200,000 sílẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn onídùúró fọwọ́ síwèé pé bí àbúrò rẹ bá sá, ọ̀dọ̀ àwọn ni ìjọba máa ti gba owó náà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti yẹ àwọn onídùúró wò: káàdì ìdánimọ̀, ìwé owó orí, ibi tí wọ́n ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, fọ́tò pélébé, pẹ̀lú ohun mìíràn tí adájọ́ bá kà sílẹ̀. Nígbà míì wọ́n á rán èèyàn lọ wo ilé náà. Bí adájọ́ bá dìídì pàṣẹ pé kí wọ́n fi owó sílẹ̀ ní kóòtù, rìsíìtì ìjọba ló máa tẹ̀lé e, owó náà á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó san án tí ẹjọ́ bá parí tí àbúrò rẹ kò sì sá. Owó tí kò ní rìsíìtì kì í ṣe owó kóòtù, ì báà jẹ́ abẹ́ igi lo ti san án, ì báà jẹ́ orí kántà.

Èyí tó sọ pé òun máa bá ọ wá onídùúró ló tún burú jù. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń ya ara wọn síta fún iṣẹ́ yẹn, ìwé owó orí ayédèrú lọ́wọ́ kan, lẹ́tà iṣẹ́ ayédèrú lọ́wọ́ kejì. Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀ ṣe é fún ọ ni, tí akọ̀wé wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ náà ni àbúrò rẹ ì bá padà sí àtìmọ́lé, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n mú ìwọ náà mọ́ ọn. Bàbá àdúgbò yín tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, pásítọ̀ tàbí àfáà tó ní iṣẹ́ gidi, ọ̀gá níbi tí àbúrò rẹ ti kọ́ṣẹ́: irú wọn ni kó o lọ bẹ̀.

Súùtì dúdú kò sọ èèyàn di lọ́yà. Orúkọ gbogbo lọ́yà tó wà ní Nàìjíríà wà nínú ìwé ńlá kan ní Kóòtù Tó Ga Jù ní Àbújá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ tó sì ń ṣe bíi lọ́yà, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n ló ń dá. Bi í ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Wo ìwé tó kọ bóyá òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ìyẹn NBA, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òun fúnra rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì nìkan ò tó. Láti 2007 ni Kóòtù Tó Ga Jù ti sọ pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ lọ́yà fọwọ́ sí, láìsí orúkọ lọ́yà kan pàtó, kò ṣiṣẹ́. Bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, ẹ̀ka NBA wà ní Abẹ́òkúta níbí, wọ́n mọ ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Ta ni kó o mú? Lọ sọ ti ọkùnrin náà fún ọlọ́pàá, torí jìbìtì lèyí, kì í ṣe gbèsè. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà sí Rẹ́jísírà Àgbà. Kọ ọjọ́, aago, ibi tó dúró sí, iye tó gbà, àti nọ́ńbà àkáǹtì tó bá jẹ́ pé o fi owó ránṣẹ́ ni. Má kọ ọ́ pé akọ̀wé jẹ nínú rẹ̀, o ò rí i. Kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ní òun àti akọ̀wé jọ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òótọ́, Ìgbìmọ̀ Òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìdájọ́ ìpínlẹ̀ wa ló ń bá òṣìṣẹ́ kóòtù wí, wọ́n sì ti lé èèyàn lọ sílé rí. Lójú tèmi o, akọ̀wé tó bá ń rí irú àwọn wọ̀nyí lójoojúmọ́ níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ kò lè ní ọwọ́ òun mọ́ pátápátá.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Mo ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní Ìjàyè. Wọ́n ní ọmọ mi ọkùnrin jí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀. Májísíréètì fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n onídùúró tí wọ́n ní kó wá gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba onípò gíga tó ní ilé tirẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ọmọ náà ti wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Ìbarà láti ìgbà náà. Lọ́yà tí mo bá ní ₦250,000. Èrè mi ò ju oúnjẹ òòjọ́ lọ. Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ń fún èèyàn ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́?
Ìyá Ọmọ, Ìjàyè

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni, àbúrò mi. Orúkọ wọn ni Legal Aid Council, ọ́fíìsì wọn wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà ní Abẹ́òkúta níbí. Láti 1976 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Òfin tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ ti 2011. Ó ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ìyẹn ₦70,000 láti 2024. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n ṣì lè gbé e yẹ̀ wò, kí ẹni náà sì dá owó díẹ̀ sí i. Ti ọmọ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, torí òun ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó sì wà lẹ́wọ̀n kì í gba owó oṣù.

Olè jíjà wà lára ẹjọ́ tí wọ́n ń gbà. Ìpànìyàn wà níbẹ̀, ìfipábánilòpọ̀ àti ìjà tó la ẹ̀jẹ̀ lọ wà níbẹ̀. Wọ́n tún ń bá ẹni tí mọ́tò gbá béèrè owó ìtanràn, wọ́n sì ń bá ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ rojọ́. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ bá wọn kí ẹ máa bínú pé wọ́n dá yín padà.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá akọ̀wé kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ yín. Ibí yìí ni akọ̀wé ti wúlò gan-an. Ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ọjọ́ tí wọ́n sún un sí, kí ẹ sì bi í bí ẹ ṣe lè gba ẹ̀dà ìwé tí adájọ́ kọ béèlì sí. Pẹ̀lú àwọn ìwé yìí, lọ́yà Legal Aid á mọ ohun tó máa ṣe láàárín wákàtí kan. Láìsí wọn, òun náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ máa wá fáìlì kiri, ọmọ yín ò sì ní kúrò níbi tó wà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín àti fọ́tò pélébé lọ, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ń pa lóòótọ́. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ohun tí lọ́yà náà máa ṣe kọ́kọ́ kì í ṣe pé kó máa rojọ́ olè. Yóò padà sọ́dọ̀ májísíréètì náà pé kó dín ohun tó kà sílẹ̀ fún béèlì kù, kó gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tí àdírẹ́sì rẹ̀ dájú dípò òṣìṣẹ́ ìjọba onípò gíga. Béèlì tí kò sẹ́ni tó lè kúnjú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọn ò fún ní béèlì, àwọn adájọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹnì kan bá sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́. Bí májísíréètì bá kọ̀, kóòtù gíga ní Kọ́bapẹ́ lágbára láti tún un ṣe.

Àwọn lọ́yà Legal Aid máa ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ wo àwọn tó ń dúró de ẹjọ́. Bí ọmọ yín bá gbọ́ pé wọ́n dé, kó fi orúkọ sílẹ̀, kó má tijú. Òfin kan tún wà láti 1977 tó fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti yípo àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó sì tú ẹni tó bá rí i pé wọn ò tọ̀nà láti máa dè mọ́lẹ̀ sílẹ̀. Mo máa ń tẹ̀lé wọn lọ nígbà iṣẹ́ mi. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ tó yẹ kó lọ sílé á dúró níwájú Adájọ́ Àgbà, fáìlì rẹ̀ ò ní sí ńbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò ọmọ náà tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bí Legal Aid bá pẹ́ kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ẹ gbìyànjú NBA, torí àwọn lọ́yà kan nínú wọn ń gba ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ Tó Ń Rí Sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, náà ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ni tiwọn: ọkọ tó ń lu ìyàwó, bàbá tí kò bọ́ ọmọ. Mo mẹ́nu bà á torí àwọn tó máa ka èyí tí ọ̀rọ̀ tiwọn jẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Mo fẹ́ ẹ̀dà ìdájọ́ kan tí bàbá mi gbà lórí ilẹ̀ wa ní 1984. Àwọn ọmọ àlè kan ti ń kọ́lé síbẹ̀. Akọ̀wé ní kí n mú nọ́ńbà ẹjọ́ wá, mi ò ní in.
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Aké

ÌDÁHÙN

Bàbá Tíṣà, ẹ kú ìjà ilẹ̀. Ẹ tún inú àpótí bàbá wa yẹ̀ wò, torí ìwé kéékèèké tí bélífù mú wá ní ayé ìgbà náà máa ń ní nọ́ńbà lókè. Bó bá jẹ́ kóòtù gíga Abẹ́òkúta, AB ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà á tẹ̀ lé e, ọdún ló máa ń parí rẹ̀. Ọdún tí wọ́n pe ẹjọ́ ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n dá a, torí náà bí ìdájọ́ bá jẹ́ ti 1984, ẹjọ́ lè jẹ́ ti 1979. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ṣáájú oṣù kejì 1976 ni wọ́n pè é, orúkọ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ló máa wà lórí fáìlì, torí a ò tíì di ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírà pẹ̀lú orúkọ olùpẹ̀jọ́, ti olùjẹ́jọ́ àti àwọn ọdún tó ṣeé ṣe, kí ẹ san owó ìwákiri. Kí ẹ sì máa padà lọ. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà tó jókòó sílé, lẹ́tà rẹ̀ náà á jókòó.

Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ má gba fọ́tòkọ́pì lásán. Òfin ẹ̀rí ti 2011, ní ìpín 104, ní kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, kó kọ ọjọ́, orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ẹ sanwó. Èyí tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀, lọ́yà àwọn tó ń kọ́lé yẹn á fi ṣeré.

ÌBÉÈRÈ

Mo fẹ́ kọ ọkọ mi sílẹ̀. Ṣé mo nílò lọ́yà? Mi ò sì gbọ́ òyìnbó dáadáa.
Aránṣọ, Kútọ̀

ÌDÁHÙN

Bó bá jẹ́ ìdáná nìkan lẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ ni, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹnu rẹ sì tó ọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, kóòtù ìbílẹ̀ ò lè tú u ká, ohun yòówù kí wọ́n kọ fún ọ. Kóòtù gíga ni, abẹ́ òfin ìgbéyàwó ti 1970, wá lọ́yà. Ìwé ìgbéyàwó rẹ dà? Òun ni kó o kọ́kọ́ wò.

Ní ti òyìnbó: ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, ìpín 36 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ láìgba owó. Nínú ẹjọ́ tó kù, sọ fún akọ̀wé ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Bí ògbufọ̀ bá sì túmọ̀ ohun tí o kò sọ, gbọ́wọ́ sókè lójú ẹsẹ̀, má dúró dìgbà tó o bá délé.

Bàbá Onílé tó kọ̀wé láti Ìbarà: mo rí lẹ́tà yín lórí ayálégbé tó kọ̀ láti kó jáde. Ẹ ò sọ bóyá ọdọọdún ló ń san owó ilé tàbí oṣooṣù, ẹ ò sì kọ ọjọ́ tí ẹ fún un ní ìwé àkọ́kọ́. Ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé náà, màá dá yín lóhùn lóṣù tó ń bọ̀. Kí ẹ tó gbọ́ látọ̀dọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí páànù orí ilé.